Ìtàn Èkó Láti Ẹnu Àmù àti Ìdí Igbá

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ orí rédíò

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ erékùṣù Èkó di ti Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò fi tayọ̀tayọ̀ fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà lórí ọ̀sà, àwọn ará Èkó kò sì tíì gbàgbé oṣù kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àgbá àwọn Òyìnbó ba ilé wọn jẹ́, tó sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló ń kọ́ èyí. Ohun tí olùkọ́ kì í sábà dúró lé lórí ni owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí fún ọba náà lọ́dọọdún: 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ. Owó ọdún kan ọba Èkó jẹ́ mílíọ̀nù 24 ẹyọ owó, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó lè kà á. Èèyàn ló ń kà á. Wọn a da owó sórí ẹní, wọn a jókòó tì í, wọn a máa fi ìka fà á ní márùn-ún márùn-ún. Tó bá pé ogójì, okùn kan dé. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Àdéhùn tí wọ́n fi gba ìlú lọ́wọ́ ọba kò lè tẹ̀ síwájú láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó sórí ẹní, tó ń ka owó títí ẹ̀yìn fi ń ro ó.

Orí irú ẹní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tòní ti fẹ́ wo ìtàn erékùṣù Èkó. Ìwé ìtàn kún fún orúkọ àwọn gómìnà àti ọjọ́ tí wọ́n gorí àga. Ṣùgbọ́n ìjà tó gbóná jù láàárín àwọn ará Èkó àti ìjọba, orí omi mímu ló ti bẹ̀rẹ̀, orí gàrí, orí ibi tí obìnrin yóò gbé igbá kalẹ̀ sí, àti orí ilé bàbá ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọba àjèjì ṣe wọ inú ilé àwọn èèyàn, àti bí àwọn èèyàn ṣe dúró dè é, inú ilé gan-an ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Erékùṣù náà kò tóbi. Àwọn Àwórì tó ti Ìdó ré kọjá ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, oko ata Arómirẹ́ ló sì wà níbi tí Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba, wà lónìí. Lẹ́yìn náà ni oríṣiríṣi èèyàn rọ́ wọlé. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì gbé ní Freetown, fìdí kalẹ̀ sí Ọlọ́wọ́gbowó. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil àti Cuba padà wálé kọ́lé sí Pópó Àgùdà, ní àyíká òpópónà Bámgbóṣé àti Campos Square. Àwọn Àgùdà yìí mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà dáadáa. Ọwọ́ wọn ló wà lára Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, sì ni ọ̀gá àwọn tó kọ́ ọ. Onígbàgbọ́ kọ́lé fún Mùsùlùmí, kò sì sí ẹni tó rí ohun àjèjì níbẹ̀.

Omi yí gbogbo wọn ká, omi sì ni ìṣòro wọn.

Omi ọ̀sà kò ṣeé mu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò láti òkè kò bá rọ́ wọ inú rẹ̀ dáadáa, iyọ̀ òkun a gbà á. Ilẹ̀ erékùṣù náà jẹ́ iyanrìn, ó sì rẹlẹ̀, nítorí náà kì í pẹ́ tí omi fi ń sun bí èèyàn bá gbẹ́ kàǹga. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó wà lórí ilẹ̀ kì í jìnnà sí i. Ilé fara ti ilé, ṣálángá wà ní ẹ̀yìnkùlé, kàǹga sì wà nítòsí rẹ̀. Omi òjò ló dára jù. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ìyàwó ilé á sáré gbé agbada àti garawa sí abẹ́ òrùlé kí omi ọ̀ṣọ̀rọ̀ lè kún un. Tí ó bá ti tòrò, wọn a rọ ọ́ sínú àmù nínú ilé, wọn a fi ìdérí bò ó, wọn a sì fi ife kan sórí rẹ̀. Òjò kì í rọ̀ ní gbogbo oṣù, èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá ní kàǹga tí omi rẹ̀ mọ́ lè ríṣẹ́ ṣe.

Ẹnì kan rí i ṣe ní òpópónà Kakawá. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia nígbà tó wà lọ́mọdé, padà dé Èkó ní àwọn ọdún 1870. Ó kọ́lé aláràbarà kan síbẹ̀, kàǹga inú ilé náà sì lókìkí débi pé àwọn èèyàn ń wá ra omi níbẹ̀. Orúkọ tí ilé náà ń jẹ́ títí dòní, Water House, ibẹ̀ ló ti wá. Cândido, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní Bahia ní ọdún 1860, di ọ̀kan lára àwọn ọlọ́rọ̀ tó lórúkọ jù ní Èkó kó tó kú ní 1959. Òkìkí ilé náà ré kọjá òkun: òǹkọ̀wé ará Brazil, Antonio Olinto, gbé ìwé ìtàn àròsọ kan kà á lórí, A Casa da Água, tó jáde ní 1969. Ọmọ tí wọ́n tà padà wálé, ó ń ta omi fún àwọn ará ilé. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ ìtàn yìí.

Nígbà tó di 1908, ìjọba kéde pé òun yóò fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, àwọn ará ìlú yóò sì máa san owó omi. Lójú ìjọba, àǹfààní ni. Ojú mìíràn ni àwọn ará Èkó fi wò ó. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kàǹga, wọ́n ní omi òjò, wọ́n sì gbà pé àwọn Òyìnbó ni omi náà yóò kọ́kọ́ wúlò fún. Kí ló wá dé tí tálákà yóò máa sanwó rẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù àti ọjà tì pa ní oṣù kejìlá ọdún náà, èrò sì wọ́ lọ sí ilé gómìnà ní Marina. Ọdún yẹn kan náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrísàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, ọ̀rọ̀ omi yìí sì wà lára ohun tó bí i. Ẹ̀ ń gbọ́ pé òṣèlú bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lára ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: ìdí àmù.

Ìjọba kò dá iṣẹ́ dúró. Ilé iṣẹ́ omi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìjù ní ọdún 1910 parí, páìpù gba orí afárá wọ erékùṣù, ẹ̀rọ omi sì jáde ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ní 1916, ìwé owó omi tún dé, ìlú tún gbóná, ọjà tún tì. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn dókítà tó ń darí People's Union yí ohùn padà, wọ́n ní kí àwọn èèyàn san owó náà. Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ọ̀hún pàdánù ìlú. Ẹni tó dúró ti àwọn ọlọ́jà ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí gẹ́gẹ́ bí sọ̀wéyọ̀, tó sì wá di agbẹnusọ fún ìdílé ọba. Ọjọ́ náà ló ti rí ìfẹ́ àwọn obìnrin ọjà gbà, kò sì sọ ọ́ nù títí tó fi kú ní 1946.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ ká fetí sí nínú ìjà wọ̀nyẹn, agogo ni. Kí rédíò tó dé, bí ọba bá fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀, akéde rẹ̀ ló máa ń lu agogo káàkiri àdúgbò. Ìjọba mọ agbára agogo yẹn. Ní 1920, Macaulay wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Àmọ́dù Tíjání, Olóyè Olúwa, tó gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ Elékòó, ìyẹn ọba Èkó, wà lọ́wọ́ Macaulay, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ ọba. Inú bí ìjọba. Wọ́n ní kí Elékòó Èṣùgbàyí rán agogo rẹ̀ yí ìlú ká láti sẹ́ Macaulay. Ọba kọ̀, ìjọba sì yọ ọwọ́ àtìlẹyìn lára rẹ̀. Ní 1921, Olóyè Olúwa borí nínú ẹjọ́ náà. Ní 1925, wọ́n rọ Èṣùgbàyí lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́; ọdún 1931 ló tó padà wálé, ìlú sì fi ìlù àti ijó pàdé rẹ̀. Ìwé ni agbẹjọ́rò máa ń kà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìgboro Èkó sì mọ̀ pé agogo kan tí kò dún ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀ síbi àmù, torí ìjọba kò tíì kúrò nídìí rẹ̀.

William MacGregor tó di gómìnà Èkó ní 1899 jẹ́ dókítà. Ọdún méjì péré ṣáájú ni Ronald Ross fi hàn ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. MacGregor kò gba ìmọ̀ràn àwọn tó fẹ́ kí àwọn Òyìnbó máa gbé lọ́tọ̀ kí ibà má bàa mú wọn. Ó ní gbogbo ìlú ni kí wọ́n tọ́jú. Ó gbẹ́ odò gba ìrà tó wà láàárín erékùṣù àti Ìkòyí, ìyẹn ni MacGregor Canal. Ó kó iyẹ̀pẹ̀ dí àwọn àbàtà, ó sì ń pín kuníìnì. Ní 1901, àwọn ìyá ìlú, lára wọn ni Charlotte Ọbasá, dá ẹgbẹ́ Lagos Ladies' League sílẹ̀, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti pín kuníìnì kíkorò yẹn àti láti kọ́ àwọn abiyamọ ní ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Orúkọ wọn ì bá hàn lára títì ju bó ṣe hàn lọ.

Ẹni tí àwọn ará Èkó rántí jù lọ nínú gbogbo ètò ìmọ́tótó yìí kì í ṣe gómìnà bí kò ṣe wolé-wolé. Ìyá àgbà tó dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbàgbé bó ṣe máa ń rí. Ọmọdé kan ló máa ń rí aṣọ kákì ọkùnrin náà ní ìkóríta, á sì sáré wọlé láti kígbe. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo àdúgbò ti ń gbálẹ̀. Omi tó ti dúró pẹ́ nínú agbada á dà nù sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wolé-wolé bá wọlé, kì í jókòó. Yóò yẹ abẹ́ ibùsùn wò, yóò yẹ ilé ìdáná wò, lẹ́yìn náà ni yóò wá síbi àmù. Yóò ṣí ìdérí, yóò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí tanwíjí kan ṣoṣo bá fò sókè nínú omi, ìwé ìpẹ̀jọ́ dé, owó ìtanràn tẹ̀lé e. Ìyàwó ilé tó fi òòrùn ọ̀sán pọn omi náà ló máa dúró níwájú adájọ́.

Òótọ́ ni pé tanwíjí ń di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn sì ń pa ọmọ. Kò sí ìyá tó fẹ́ sin ọmọ. Ohun tó ká àwọn èèyàn lára ni bí àlejò ṣe ń ṣí àmù onílé láìtọrọ ààyè. Ìṣòro ètò ìlera ìgbà náà nìyí, kò sì tíì tán nínú ètò ìlera ìsinsìnyí: ẹ̀kọ́ tó bá wọlé pẹ̀lú ìtanràn máa ń pẹ́ kó tó di ti onílé.

Àwọn ohun tuntun mìíràn wọ erékùṣù náà ní sáà kan náà. Iná mànàmáná tàn sí títì ní 1898. Afárá Carter so Èkó mọ́ Ìdó ní 1901, ẹni tó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sì lè fẹsẹ̀ rìn dé ìdí rélùwéè. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti Ìdó gba orí afárá náà wọ àárín ìlú. Kò kó èrò pẹ́ lórí irin yẹn. Iṣẹ́ tó wá ṣe títí di 1933 ni kíkó ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwọn agbépóò bá kó láti ilé sí ilé lọ dà sí ọ̀sà. Èèyàn lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láìsí àwọn agbépóò àti ọkọ̀ ojú irin yẹn, erékùṣù tí èrò fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì bá tí ṣeé gbé. Ní 1935, rédíò alókùn dé, ìyẹn àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí wáyà gbé ohùn wọ inú rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá pè é.

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ó sì ń padà wá fún ọdún bíi mélòó kan. Ìyẹn ló mú ìjọba dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, pẹ̀lú agbára láti wó ilé àti láti tún àdúgbò tò. Ẹ fi orúkọ àjọ yìí sọ́kàn. A óò tún pàdé rẹ̀.

Láti ìdí àmù, ẹ jẹ́ ká lọ sí ìdí igbá.

Àlímótù Pẹlẹ́wúrà kò kàwé. Mùsùlùmí ni, ẹja ló ń tà, bí ìyá rẹ̀ ṣe tà á ṣáájú rẹ̀. Ní 1910, Elékòó Èṣùgbàyí fi í ṣe alága ọjà Èrèkó, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́ ló di olórí gbogbo ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe eré. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní alága tirẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja yàtọ̀ sí ti àwọn aláṣọ, wọ́n ń dáwó, wọ́n sì lè fi owó náà gba agbẹjọ́rò. Nígbà tí Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ni òfin gbà láyè láti dìbò ní Èkó. Obìnrin kankan kò lè dìbò. Síbẹ̀, owó àti ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ọjà ni ẹgbẹ́ náà fi ń rìn.

Ní àárín àwọn ọdún 1930, ìjọba fẹ́ kó ọjà Èrèkó lọ sí Olúwọlé. Lórí àwòrán ilẹ̀, ìrìn díẹ̀ péré ni. Fún ẹni tó ń ta ẹja, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, torí oníbàárà rẹ̀ mọ orí ìso rẹ̀, ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ lóru, ọmọ rẹ̀ sì mọ ibi tí yóò ti wá gba owó ọbẹ̀. Àwọn obìnrin kọ̀ láti kúrò. Wọ́n mú Pẹlẹ́wúrà àti àwọn mìíràn, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì dà sígboro títí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀. Èrèkó kò kúrò níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ owó orí ló tẹ̀ lé e. Ní 1940, ogun Hitler ń lọ, ìjọba sì ń wá owó. Wọ́n ṣòfin pé obìnrin Èkó tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún yóò máa san owó orí. Ní oṣù kejìlá, àwọn obìnrin ti ọjà pa, wọ́n tò lọ sí ọ́fíìsì aláṣẹ ìlú, Pẹlẹ́wúrà ló ṣáájú wọn. Kókó tí wọ́n dì mú ṣe kedere: ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé obìnrin ló ń bọ́ ọ nígbà ogun yẹn, obìnrin kò sì ní ìbò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba gbé iye náà kúrò ní £50 sí £200. Ìwọ̀nba obìnrin ló ń rí tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gàrí ló fi han gbogbo ayé pé àwọn obìnrin yìí mọ iṣẹ́ wọn ju ìjọba lọ. Ogun ti jẹ́ kí oúnjẹ wọ́n, ìjọba sì yan Captain Pullen láti máa darí iye owó oúnjẹ. Ó fi iye lé gàrí, ẹ̀wà, epo àti ẹran. Ó ṣí ọjà ìjọba tí wọn yóò ti máa tà á ní iye yẹn. Lórí ìwé, ó dára fún aráàlú. Wàyí o, gàrí kì í hù ní Èkó. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló ń wá, lórí ọkọ̀ ojú omi, lórí mọ́tò, láti ọwọ́ ẹni tó ro oko dé ọwọ́ ẹni tó yan án, dé ọwọ́ alájàpá, dé ọwọ́ alátúntà. Olúkúlùkù ló ní iye tó ná lórí rẹ̀. Bí iye tí Pullen fi lé e bá kéré sí ohun tí alájàpá fi rà á lóko, kò lè gbé e wá mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Gàrí pòórá lórí àtẹ, ó bọ́ sí abẹ́lẹ̀, iye rẹ̀ sì ga níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níwájú ọjà ìjọba, èrò tò gùn. Ẹni tó ti ilé jáde ní òwúrọ̀ lè padà wálé lọ́sàn-án pẹ̀lú àpò òfìfo.

Ìjọba tilẹ̀ gbìyànjú láti fa Pẹlẹ́wúrà mọ́ra. Wọ́n fi owó oṣù lọ̀ ọ́ kó lè bá wọn mú àwọn obìnrin gba ètò Pullen. Ó kọ̀ ọ́. Ní 1945, lẹ́yìn ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìpàdé lóríṣiríṣi, ètò náà tú ká. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì ń ka ìwé ńlá láti lóye ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi ń dojú rú. Àwọn alátúntà Èkó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìjọba láti ìdí igbá, ìjọba ni kò gbọ́. Pẹlẹ́wúrà kú ní 1951.

Àmù àti gàrí ti kó wa dé ibi tí oúnjẹ ti ń ré kọjá ògiri. Títí di òní, nígbà tí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá ń bọ̀, àwọn ìdílé Àgùdà ní erékùṣù Èkó máa ń se fréjọ̀n. Ẹ̀wà ni wọ́n á sè títí yóò fi rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ kí èèpo má bàa wà nínú rẹ̀. Wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á da á mọ́ ẹ̀wà náà, wọ́n á fi ṣúgà sí i, wọ́n á sì máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Ọbẹ̀ ẹja tó ta dáadáa ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ẹlòmíràn a sì fọ́n gàrí Ìjẹ̀bú sórí rẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ máa ń tóbi ju ohun tí ilé kan lè jẹ lọ, nítorí abọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, Mùsùlùmí ì báà ṣe, tí òun náà yóò sì fi ẹran Iléyá san án padà. Ohun tó ń jẹ́ kí irú abọ́ bẹ́ẹ̀ rìn ni pé ilé kò jìnnà sí ilé.

Ibi tí àjọ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wá kan ìtàn nìyí. Ní 1955, Lagos Executive Development Board gbà láti wó àwọn ilé tó wà lórí nǹkan bí éékà 70 ní àárín gbùngbùn erékùṣù. Òmìnira ń bọ̀, ìjọba sì fẹ́ kí olú ìlú dùn ún wò lójú àlejò. Àwọn ilé náà ti gbó lóòótọ́, òrùlé páànù wọn ti dípẹtà, omi ń dúró nínú gọ́tà. Ṣùgbọ́n ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn. Bàbá àgbà wà ní yàrá iwájú, ìyá àgbà ń ta ohun tí ó ń tà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, àbúrò bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn, kò sì san owó ilé. Àwọn tí wọ́n lé jáde, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n fún ní ilé ìjọba ní Sùúrùlérè, lókè odò, ní ilé tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ìdílé yìí sọ̀rọ̀ ní Èkó àti ní Sùúrùlérè, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ohun tó bá pàdé bani nínú jẹ́. Ilé tuntun náà mọ́, ó ní ẹ̀rọ omi àti iná, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé ń jẹ wọ́n, owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n. Obìnrin tó ń tajà níwájú ilé ní Èkó kò rí oníbàárà ní Sùúrùlérè, nítorí kò sí èrò tó ń kọjá. Oníṣẹ́ ọwọ́ sọ àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un nù. Ìyá àgbà tí ọmọ ń wò lójoojúmọ́ wá di ẹni tí ọmọ ń wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, torí owó ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ń padà lọ sí erékùṣù ní gbogbo ìgbà, láti tajà, láti kí ẹbí, láti ṣe ìsìnkú. Àwọn mìíràn kó ẹrù wọn, wọ́n sì wá yàrá sí ibòmíràn tó sún mọ́ Èkó.

Wọn kò wó gbogbo éékà 70 náà tán. Àwọn ilé Àgùdà tó kù kò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní gbàgede Tinúbú, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ìwé òfin tó dáàbò bò ó wà níbẹ̀ fún 60 ọdún, katakata sì dé ní ọjọ́ kan. Ó dunni gidigidi.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn olùkọ́ tó ń gbọ́ ètò yìí ní Èkó àti ní Sùúrùlérè rán àwọn ọmọ ilé ìwé wọn sí àwọn àgbà ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n má sì bi wọ́n nípa gómìnà. Kí wọ́n bi wọ́n níbo ni ilé wọn ti ń pọnmi nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ta ni ń ta gàrí fún ìyá wọn àti ní ọjà wo, àti ta ló mú ìwé wá nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kó jáde. Bí ìwé owó omi, ìwé owó orí tàbí ìwé àjọ ilé bá wà nínú àpótí, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì wúlò níbẹ̀ ju nínú àpótí tí ikán lè jẹ lọ.